Òwú Inú Táyà

Òkè-Ọyì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin. Ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà ni ó gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sí wákàtí kan lójúmọ́ tí ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà náà kò ní rí tírélà tí ó ru sìmẹ́ńtì tàbí epo láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Haúsá, tàbí èyí tí ó ru àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 2022 ni mo yà sí abẹ́ àtíbàbà fọkanáísà kan níbẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi kan ń jò. Iṣẹ́ tèmi kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ṣùgbọ́n mo pẹ́ níbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, nítorí àríyànjiyàn tí mo bá lórí ìdúró.

Àlàájì kan, àgbẹ̀ oníṣu àti alágbàdo, ni ó ra tírélà àlòkù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ó ti jẹ tán. Fọkanáísà fi táyà méjì ti ara igi kí ó lè wò wọ́n. Ọ̀kan ki, ó le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bí ògiri. Èkejì rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti èkíní lọ. Bàbá awakọ̀ ní, "Àlàájì, ẹ dákun, èyí tí ó ki yìí ni kí ẹ rà. Èmi ni n ó gùn ún. Rédíà kò ní ẹ̀gbẹ́; òkúta kan ṣoṣo ni yóò là á." Àlàájì dá a lóhùn pé, "Bàbá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi tí ó wà ní Èkó ní kí n má ra nǹkan mìíràn àfi rédíà." Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé olùkọ́ yunifásítì ni mí, wọ́n ní kí n dá sí i. Mo ní èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, n kò mọ nǹkan nípa táyà. Bàbá awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé kò sí táyà nínú èdè Yorùbá ni, Dókítà?"

Ìbéèrè yẹn bá mi délé. Lóòótọ́, àwa tí a ń kọ̀wé nípa àṣà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìlù, aṣọ àti oúnjẹ, bí ẹni pé gbogbo ohun tí ó ti ọwọ́ òyìnbó wá kò kan àṣà rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Yorùbá kan lónìí tí iṣu orí àwo rẹ̀ kò gun orí táyà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, a kò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí á tó yá a ni a ti ní orúkọ fún un: ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ojú ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni àwọn baba wa fi wo mọ́tò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní ó ní ẹsẹ̀, wọ́n ní ó ń sáré, bí ó bá sì ṣubú wọ́n a ní ó takìtì. Ojú wọn kò sì ṣì wọ́n, nítorí pé orí alárù àti ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ẹrù máa ń gbà la Ìlọrin kọjá ní gbogbo ìgbà tí ìlú náà fi jẹ́ ibùdó àwọn oníṣòwò tí ń ti ilẹ̀ Haúsá wá. Rélùwéè dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, a sì ṣí afárá rẹ̀ lórí odò Ọya ní 1916. Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, wà láti 1906. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún rélùwéè ni ó ń ru ẹrù ńlá, tí mọ́tò ń gbé kékeré wá bá a ní ìdíkọ̀. Nígbà tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, lẹ́yìn òmìnira, ni gbogbo ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀dà, tí ó di ẹrù ẹsẹ̀ tírélà.

Ohun tí ó ya èmi pàápàá lẹ́nu jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé rọ́bà ti ti ọ̀dọ̀ wa lọ kí táyà tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Igi kan wà nínú igbó wa tí a ń pè ní ìrẹ́. Ó máa ń ṣe oje funfun. Láti nǹkan bí ọdún 1894 ni ìjọba Èkó ti ń wá rọ́bà kiri, wọ́n sì mú àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà wá láti Góòlù Kóòsì láti wá fi bí a ṣe ń kọ igi lára hàn wá. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ya wọ inú igbó Ìjẹ̀bú àti ti Oǹdó. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n tàbí kí ó lé díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń fi igi sílẹ̀ kí ó sinmi. Wọ́n ń kọ ọ́ lára láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ kò tó, wọ́n sì ń gé òmíràn lulẹ̀ kí oje rẹ̀ lè tètè ro tán. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìrẹ́ ti kú bẹẹrẹ nínú igbó, òwò náà sì fọ́. Lẹ́yìn náà ni igi rọ́bà ti ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí àwọn òyìnbó ti kó èso rẹ̀ lọ sí ọgbà wọn ní Kew ní 1876, gba ipò ìrẹ́ nínú oko, pàápàá ní agbègbè Ìbíní àti Sàpẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànù gba Màláyà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, tí rọ́bà wọ́n lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ní kí àwọn ènìyàn wa padà sínú igbó lọ kọ ohun tí ó ṣẹ́ kù.

Kí ni wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Ní ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ọmọ ilẹ̀ Skọ́tìláǹdì tí ń gbé ní Belfast, ṣe táyà oníatẹ́gùn fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíràn, Robert William Thomson, ti ronú kan irú rẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n ayé kò ì tíì nílò rẹ̀ nígbà náà. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Dunlop, gbogbo Yúróòpù ni ó ń gun kẹ̀kẹ́. Rọ́bà di ohun tí wọ́n ń fi gbogbo ara wá, igbó Ìjẹ̀bú sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé rọ́bà lásán ni táyà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Aṣọ ni táyà, tí a fi rọ́bà bò. Rọ́bà nìkan, bí a bá fún un ní afẹ́fẹ́, yóò wú bí fèrè ọmọdé títí yóò fi bẹ́. Òwú inú rẹ̀ ni ó dì í mú, òwú náà ni ó sì ru ẹrù. Táyà ti àkọ́kọ́ tilẹ̀ jẹ́ aṣọ híhun gan-an, kánfáàsì, tí òwú òòró àti òwú ìbú rẹ̀ ń gba orí ara wọn kọjá. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ahunṣọ Ìlọrin nídìí òfì yóò mọ ohun tí mò ń sọ: òwú tí wọ́n ta sílẹ̀ gbọọrọ, àti èyí tí ọ̀kọ̀ ń gbé láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Lára aṣọ tí a ń wọ̀ lọ sí òde, irú ìhun bẹ́ẹ̀ kò ní àléébù. Nínú táyà, ó ní. Nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá tẹ ilẹ̀, aṣọ náà á yọ̀rọ̀, òwú méjèèjì á sì máa rẹ́ ara wọn bí ayùn. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ já láti inú wá.

Àwọn oníṣẹ́ wá yọ òwú ìbú kúrò. Wọ́n to òwú òòró nìkan jọ, wọ́n fi rọ́bà sín in mọ́ra, wọ́n sì tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má baà kan èkejì láìsí rọ́bà láàárín wọn. Ìpele kan dàgẹ̀rẹ̀ sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀lé e dàgẹ̀rẹ̀ sí òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ki tó bí wọ́n ti fẹ́. Èyí ni báyàsì. Kí ni ìdí tí wọ́n fi dà á gẹ̀rẹ̀? Ẹ bi télọ̀ léèrè. Bí ẹ bá fa aṣọ ní òòró, kò ní nà. Bí ẹ bá fà á ní ìbú, kò ní nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá di igun méjì rẹ̀ mú tí ẹ fà á, yóò nà, yóò sì padà. Báyìí ni táyà ṣe lè yọ̀rọ̀ lórí kòtò kí ó má já.

Báyàsì ni ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé ilẹ̀ wa. Òun ni ó wà lẹ́sẹ̀ Bẹ́dífọ́ọ̀dù onípákó tí a ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà. Òun náà ni ó wà lẹ́sẹ̀ Mercedes 911 tí gbogbo ọmọ ìgbà tèmi mọ ohùn rẹ̀. Ọ̀nà ìgbà náà kún fún òkúta àti erùpẹ̀ pupa. Ẹ̀gbẹ́ báyàsì le, ó ki bíi ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, òkúta kì í tètè là á. Bí ó bá sì là, fọkanáísà a gé rọ́bà lé e, a fi iná sí i, ọkọ̀ a máa lọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí bàbá awakọ̀ ń sọ ní Òkè-Ọyì kì í ṣe àgídí, nítorí náà. Orí báyàsì ni ó ti kọ́ṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọkọ̀, báyàsì kò sì dalẹ̀ rẹ̀.

Àléébù báyàsì kan ṣoṣo tí ó ń pa ènìyàn ni ooru. Àwọn ìpele rẹ̀ so mọ́ ara wọn láti etí dé etí, ẹ̀gbẹ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ ohun kan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ bá yọ̀rọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a yọ̀rọ̀. Ìpele ọ̀tún ń fa ti òsì, ti òsì ń fa ti ọ̀tún. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì ra ara wọn kíkan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rọra ń lọ, ooru náà ń ráyè jáde. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, tí oòrùn mú, tí ọ̀nà tẹ́jú, tí awakọ̀ sì ń sáré nítorí kí tòmátì má baà rà, ooru kò ráyè jáde mọ́, rọ́bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára òwú. Àwọn ọ̀já rọ́bà dúdú tí ẹ máa ń rí lẹ́bàá ọ̀nà, ibi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n wà.

Ẹni tí ó tú àṣírí ooru yìí jẹ́ òṣìṣẹ́ Michelin ní ilẹ̀ Faransé, Marius Mignol. Ẹ̀ka ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ bá wọ ilé-iṣẹ́ náà. (Inú mi dùn sí èyí, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi bá ìwé ṣe.) Láti mọ ibi tí ooru ti ń wá, ó ṣe táyà kan tí kò ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá. Wáyà ni ó fi rọ́pò rẹ̀, tí ó jìnnà sí ara wọn, tí wọ́n lọ tààrà láti etí kan dé èkejì. Àwọn tí ó rí i pè é ní àgò eṣinṣin. Àgò náà kò gbóná tó báyàsì. Láti inú ìdánwò yìí ni rédíà ti jáde, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní June 1946. Wọ́n gbé e jáde fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 1949, fún ọkọ̀ akẹ́rù ní 1952. Nínú rédíà, òwú kò dàgẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó gba àárín lọ tààrà láti etí dé etí, a sì fi ọ̀já onírin di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lámùrè yí po. Ẹ̀gbẹ́ ń yọ̀rọ̀ bí ó ti fẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ dúró pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀, èkíní kò fa èkejì. Ó tutù ju báyàsì lọ, ó ń pẹ́ jù ú lọ, epo tí ọkọ̀ ń jẹ sì dín kù.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè gbà á. Amẹ́ríkà di báyàsì mú títí di àwọn ọdún 1970, nítorí pé gbogbo ẹ̀rọ inú ilé-iṣẹ́ wọn, báyàsì ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí Firestone sì sáré ṣe rédíà tirẹ̀ tí a ń pè ní Firestone 500, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣí kúrò lójú ọ̀nà, ènìyàn kú, wọ́n sì ní láti kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù rẹ̀ kúrò lọ́jà ní 1978. Rédíà tí a kò ṣe dáadáa burú ju báyàsì tí a ṣe dáadáa lọ.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé-iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe táyà: Michelin ní Port Harcourt láti 1962, àti Dunlop ní Ìkẹjà láti 1963. Lẹ́yìn ọdún 2000, Dunlop kọ́ ẹ̀ka tuntun sí Ìkẹjà láti máa ṣe rédíà onírin fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ohun tí ó yẹ kí á dúpẹ́ lé lórí ni. Àmọ́ ìjọba dín owó-ibodè táyà ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ti òkè òkun wọlé kù, iná mànàmáná kò sí, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, táyà ilẹ̀ Éṣíà sì kún ọjà. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 2007. Dunlop dáwọ́ iṣẹ́ ṣíṣe dúró ní ìparí 2008. Èmi kò mọ bí ènìyàn ṣe lè ka ìtàn yìí kí ó má rántí igi ìrẹ́. Rọ́bà wa ṣì ń jáde láìṣe é ní nǹkan kan, táyà sì ń wọlé.

Èyí tí ó wọlé jù fún mẹ̀kúnnù ni tòkunbọ̀. Ibí yìí ni mo rò pé orúkọ rédíà ti bàjẹ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ wa. Rédíà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kọ́kọ́ mọ̀ kì í ṣe tuntun. Èyí tí àwọn ará Yúróòpù ti lò tán ni, tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó bẹ́, wọn kò sọ pé àgbàlagbà ni. Wọ́n ní rédíà ni. Ohun kejì ni afẹ́fẹ́. Ojú àti irin ni àwọn awakọ̀ báyàsì fi ń wọn afẹ́fẹ́: bí ẹ̀gbẹ́ bá wú, afẹ́fẹ́ kò tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rédíà máa ń wú díẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá ń fún un títí ẹ̀gbẹ́ yóò fi nà ti fún un jù, kòtò yóò sì fi í ṣe ẹran. Ẹni tí ó bá sì ti mọ̀ pé ó máa ń wú kò ní mọ ìgbà tí ó rọ̀ ní tòótọ́. Géèjì nìkan ni ó lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Òkè-Ọyì. Nígbà tí àríyànjiyàn náà kò tán, Àlàájì, tí kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí owó rẹ̀ kò sì fẹ́ẹ́ tó, mú àbá wá: kí wọ́n ra mẹ́rin mẹ́rin, kí rédíà wà ní ọ̀tún, kí báyàsì wà ní òsì. Fọkanáísà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo dé, gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Àlàájì. N kò ní de ìyẹn. Ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan le, wọn ò lè jọ ru ẹrù. Èyí tí ó le ni yóò rù ú títí yóò fi bẹ́. Tí mo bá dè é, ẹ̀jẹ̀ Bàbá yìí wà lọ́rùn mi." Ó fi ìka han àwa méjèèjì ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn táyà náà. Ọ̀kan jẹ́ 12.00-20, èkejì jẹ́ 12.00R20. Ó ní lẹ́tà R yẹn ni ẹni tí kò mọ táyà yóò máa wò, kí ó sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó fi ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é hàn. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì béèrè: "Níbo ni ọkọ̀ náà yóò máa lọ gan-an?"

Bí ó bá jẹ́ oko sí Ìlọrin ni, lórí ọ̀nà erùpẹ̀ àwọn abúlé wọ̀nyẹn, ó ní báyàsì dára, kò sì ní gba owó púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni, ní ọ̀sán, pẹ̀lú iṣu tí ó kún dé òkè, òun kò lè gba Àlàájì ní ìmọ̀ràn báyàsì. Àlàájì ní Èkó ni. Bàbá awakọ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní bí Èkó bá ni, kí Àlàájì ra géèjì fún òun, kí ó má sì ru ju ìwọ̀n lọ, nítorí pé kò sí táyà tí a ṣe fún ojúkòkòrò. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Àlàájì pẹ̀lú.

Owó tí ó wà lọ́wọ́ kò tó rédíà mẹ́jọ lọ́jọ́ náà. Àlàájì san ti mẹ́rin, ó ní kí wọ́n má tíì dè wọ́n, kí tírélà dúró títí òun yóò fi ta àgbàdo tí ó wà ní àká. Bí mo ṣe ń dágbére fún wọn, bàbá awakọ̀ mú irin rẹ̀, ó gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí sí i. Ó ní òun kò tíì mọ ohùn rẹ̀.